Ta Ni Ó Ni Èsì Sáà Àkọ́kọ́?

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ṣímáwà, tí ó gba Ṣàgámù kọjá lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kò tíì kúrò ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí yóò fi dé pápá ìṣeré ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars. Àwọn ọmọ ilé-ìwé agbègbè náà mọ aṣọ wọn tí ó ní àwọ̀ ojú sánmà. Wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ni ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà ní sáà 2024/25. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wọn ni bí sáà àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ kan náà nínú líìgì àgbà ti rí. Gbogbo ènìyàn ni í lá oyin. Ẹni tí ó lọ fín in nínú igbó ni ó mọ iye ìgbà tí oyin ta á.

Ọdún 2004 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ FC Dender. Kúnlé Soname, ẹni tí ó ti ṣe alága ìjọba ìdàgbàsókè Ìkòsí-Ìṣẹri ní ìpínlẹ̀ Èkó rí, ni ó dá a sílẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọdún bíi méjìlá kí wọ́n tó gòkè dé líìgì àgbà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sáà 2017 láàrin ogún ẹgbẹ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ó wà níwájú wọn: 19 nílé, 19 ní ìdálẹ̀. Lórí ìwé, iye náà kò bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n láti Ṣàgámù dé Kánò, níbi tí Kano Pillars fi ṣe ibùgbé, sún mọ́ 1,000 kìlómítà, ojú títì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá ká ẹsẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, àárẹ̀ ti gbá a kí rẹfirí tó fọn fèrè rárá. Bẹ́ẹ̀ ni nínú líìgì yìí, àlejò kì í sábà borí onílé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá ta ọ̀mì nílé ti jẹ gbèsè tí kò mọ ibi tí yóò ti san án.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹrù ìtìjú náà máa ń kọ́kọ́ há mọ́ lọ́rùn. Olùkọ́ tí wọ́n gbé wá sí ilé-ìwé tuntun ní oṣù kìn-ín-ní, tí kíláàsì ìparí rẹ̀ yóò kọ ìdánwò WAEC láìpẹ́ sí ìgbà náà, mọ irú ẹrù yìí dáadáa. Ohun tí wọn kò kọ́ àwọn ọmọ náà láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ìdánwò yóò bi wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ olùkọ́ tuntun ni wọn yóò dá nígbà tí èsì bá jáde. Ọ̀rọ̀ ti akọ́nimọ̀ọ́gbá tilẹ̀ le ju èyí lọ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni èsì tirẹ̀ ń jáde, ní gbangba, lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí olúkúlùkù wọn gbà pé òun mọ bọ́ọ̀lù jù ú lọ.

Remo Stars kò yè é ní ọdún náà. Nígbà tí sáà 2017 parí, wọ́n wà lára àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ó já bọ́ sí ìpele kejì. Bí ó bá lè tu ẹnikẹ́ni nínú, Shooting Stars ti Ìbàdàn bá wọn já bọ́, ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 1976, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Remo Stars tó dáyé. Wọ́n tún gòkè padà. Ní 2019, wọ́n tún já bọ́.

Ìṣubú ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olówó ti máa ń ká àtẹ wọn ńlẹ̀. Soname kò sì ṣàìní ibòmíràn tí ó lè kó owó rẹ̀ lọ, nítorí pé láti 2015 ni ó ti ra ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Pọtugí. Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró ní Ìkẹ́nnẹ́. Ẹgbẹ́ náà ní pápá tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù, Beyond Limits, tí ó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́ àgbà. Irú sùúrù yìí kò ṣàjèjì sí ìlú náà. Ìkẹ́nnẹ́ kan náà ni Tai Solarin àti aya rẹ̀, Sheila, ti dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, lẹ́yìn tí ọkọ ti fi ipò ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọdún 1956 nìkan díwọ̀n Mayflower, igbó àti iṣẹ́ àṣekára ni yóò rí.

Remo Stars padà sí líìgì àgbà fún sáà 2021/22, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ní sáà 2022/23, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ògúnmọ́dẹdé, wọ́n ṣe ipò kejì. Iye ayò ni Enyimba fi ta wọ́n yọ. Ní 2023/24, ipò kejì náà ni, Rangers ti Enúgu ni ó gba ife. Ní ilẹ̀ yìí, ẹni tí ó bá ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra kò jìnnà sí ẹni tí wọn yóò ní kí ó máa lọ. Wọ́n á ní orí rẹ̀ kò gbé ife. Ìkẹ́nnẹ́ kò lé Ògúnmọ́dẹdé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Rẹ́mọ nìkan. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti tọ́ ọ̀nà méjèèjì wò, ti sùúrù àti ti ìkánjú. Ní 1989 ni Clemens Westerhof dé láti ilẹ̀ Netherlands. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta 1990, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, Algeria na àwọn ọmọ rẹ̀ ní 5-1. Ìbá ṣe pé wọ́n lé e ní alẹ́ ọjọ́ náà, ta ni ìbá yà lẹ́nu? Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ kan náà bá Algeria kan náà pàdé ní àṣekágbá, ayò kan ṣoṣo ni Algeria fi borí. Westerhof dúró títí di 1994, ọdún tí Nàìjíríà gba ife-ẹ̀yẹ náà ní Tunisia, tí ó sì lọ sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Adégbóyè Onígbìndé kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni, olùkọ́ ilé-ìwé sì ni kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó ti darí Nàìjíríà dé ipò kejì ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, nígbà tí wọ́n yọ Amodu Shuaibu lẹ́yìn ipò kẹta ní Mali, Onígbìndé ni wọ́n ké sí, ife-ẹ̀yẹ àgbáyé sì ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré. Ó fi Sunday Oliseh àti Finidi George sílẹ̀ nílé, ó kó àwọn ọmọdé dání. Argentina fi ayò kan borí wọn. Julius Aghahowa kọ́kọ́ jẹ ayò wọlé Sweden, ó sì ta òkìtì títí ojú ń ṣú àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n 2-1 ni Sweden fi jáwé olúborí. Wọ́n ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England ní Osaka. Àmì kan ṣoṣo, wọ́n sì dágbére. Wọn kò fi Onígbìndé sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó wà ní ojúlé Nàìjíríà lọ́jọ́ England ni Vincent Enyeama, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi ti Shooting Stars wà lórí pápá pẹ̀lú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti ọjọ́ 101. Ti Ọ̀pábùnmi bani nínú jẹ́, nítorí pé àìsàn ojú gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n Enyeama náà ni ó dúró de Messi ní 2010 tí kò jẹ́ kí ó rí ojúlé, òun náà ni ó sì wà níbẹ̀ ní 2014 nígbà tí Nàìjíríà dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ta ni wọ́n kọ àwọn ọdún wọ̀nyẹn sí orúkọ rẹ̀? Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà ni. Àmì kan ṣoṣo ti 2002 ni wọ́n kọ sí ti Onígbìndé. Ó ṣòro láti pe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní òdodo.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 2025, Remo Stars fi ayò kan borí Niger Tornadoes ní Ìkẹ́nnẹ́, ife líìgì sì di tiwọn nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù. Láti ìgbà Udoji United ní 1996, kò tíì sí ẹgbẹ́ aládàáni mìíràn tí ó gbà á. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n kọ́kọ́ já bọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n gba Mamelodi Sundowns ti South Africa lálejò nínú ìdíje àwọn aborí Áfíríkà, ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ife ilẹ̀ rẹ̀. Sundowns na wọ́n ní 5-1, iye kan náà tí Algeria fi kí Westerhof káàbọ̀.