Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Kanji Lọ́jà Kánò

Ẹ ní kí ni àgbàlagbà bíi tèmi ń fi ìwé àwọn ará Jàpáàn ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Sabon Gari níbí. Lọ́jọ́ kan mo ta ẹ̀rọ tó ń fa omi fún àgbẹ̀ kan. Ó ní irú epo wo ló ń mu, mo ní bẹntiróòlù. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìdérí táǹkì ẹ̀: 軽油. Dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn! Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, mo dá owó padà, oníbàárà lọ, kò padà mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó wà níwájú mi, n kò lè kà á.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ há gbogbo ẹ̀ sórí, kò bọ́ sí i. Kanji tí ìjọba wọn ní kí wọ́n máa lò jẹ́ 2,136. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn fi ń kọ́ 1,026.

Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ rèé. Èkíní, mò ń tú u palẹ̀ bí ẹni tú ẹ́ńjìnnì. 油 ni epo: ẹ wo ẹ̀kán omi mẹ́ta lápá òsì ẹ̀. 灯 ni àtùpà: iná, 火, ló wà lápá òsì tiẹ̀. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, 灯油, kẹrosíìnì nìyẹn.

Èkejì, odidi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́, ẹ má kọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. 軽 ni ohun tó fúyẹ́. Ẹni tó bá kà á ní ẹyọ-ẹyọ yóò ní "epo fífúyẹ́", yóò sì rò pé bẹntiróòlù ni. Bẹntiróòlù, ガソリン ni wọ́n ń kọ ọ́, lẹ́tà mìíràn nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, márùn-ún péré lójúmọ́, lórí pálí. Mo tún un wò lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí mo bá gbàgbé, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo sì ń wá wọn lára ọjà: 入 lára súìṣì, tan án, 切, pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi ti gbé bẹntiróòlù sẹ́nu táǹkì. Mo ní, "Dúró, kà á ná." Ó wò ó títí. "Ọ̀gá, dísẹ́ẹ̀lì ni."

Ẹni tó bá ní ọjà Jàpáàn tí kò yé e, kó gbé fọ́tò ẹ̀ síbí. Ká jọ kà á.