Mọ́mì mi ń tẹ fóònù

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá ti sọ fún mi rí pé "o gbádùn o, ilé lo ti ń ṣiṣẹ́," ìwọ gan-an, jọ̀ọ́ kà á dópin.

2/ Ọmọ méjì ni mo bí. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 4, àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé. Ìbàdàn la wà. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ orí wẹ́ẹ́bù àti ímeèlì ìpolówó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Bí mo bá ṣe kọ tó ni wọ́n ń sanwó tó. Ọjọ́ tí mi ò bá kọ, mi ò gba kọ́bọ̀.

3/ Ní táàmù tó kọjá, tíṣà bi àwọn ọmọ kíláàsì wọn pé iṣẹ́ wo ni òbí wọn ń ṣe. Ọmọ mi dìde, ó ní, "Dádì mi ń tún AC ṣe. Mọ́mì mi ń tẹ fóònù." Tíṣà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ló tó wá dùn mí.

4/ Torí ọmọ ò parọ́. Ohun tó ń rí nìyẹn. Tí mo bá ń fún àbúrò ẹ̀ lọ́mú, ọwọ́ kan gbé ọmọ, ọwọ́ kejì ń dá oníbàárà lóhùn.

5/ Aago gan-an ò ṣojú wa. Tí wọ́n bá jókòó síṣẹ́ ní aago 9 àárọ̀ ní New York, aago 2 ọ̀sán ti lù níbí, ìgbà míì aago 3. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ ń ti iléèwé dé, tébi ń pa á. Wọ́n á ní ká pàdé lórí Zoom. NEPA náà á ní àwọn ti mú iná lọ.

6/ Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Mo ní oníbàárà kan tó ń fún mi níṣẹ́ mẹ́rin lóṣooṣù. Owó ẹ̀ la fi ń san owó ilé. Lóru ọjọ́ kan, ara àbúrò gbóná janjan. Aago 1 òru la dé ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò: ibà ni. Wọ́n dá wa dúró fún ọjọ́ méjì.

7/ Àárọ̀ Friday ni mo gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mi ò sọ fún oníbàárà. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní, "ẹ ò rí àwọn abiyamọ yìí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ na ọwọ́ sí mi. Mo rọra tì í. Mo tún tì í lẹ́ẹ̀kejì.

8/ Alẹ́ Saturday ni mo tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì dáa. Ìlà méjì péré ló fi dá mi lóhùn: òun ń wá ẹni tóun lè gbọ́kàn lé. Ó parí. Mo sunkún, àmọ́ kì í ṣe torí owó nìkan. Ọwọ́ tí mo tì yẹn ni.

9/ Ìyá ọkọ mi bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé o sọ fún wọn pé ara ọmọ ò yá?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní: "Nígbà tí mò ń ta ata ní Bódìjà, tí ara ọmọ mi ò bá yá, mo máa ń ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Wọn kì í bínú. Ẹni tí wọ́n bá dé ìsọ̀ ẹ̀ tí wọn ò bá a ni wọ́n máa ń bínú sí."

10/ Ó yé mi. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́. Àmọ́ ọmọ wà lẹ́yìn wọn, gbogbo ọjà ń rí i. Ẹni tó ń gbéṣẹ́ fún mi ò rí ọmọ lẹ́yìn mi. Àfi kí n sọ.

11/ Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Kò kan àwa tí a ò ní ọ̀gá. Èmi padà síṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta.

12/ Ohun tí mò ń ṣe báyìí:
– Mo máa ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé mo lọ́mọ.
– Iṣẹ́ ọjọ́ 3, ọjọ́ 5 ni mo máa ń dá.
– Ìdajì owó kọ́kọ́ wọlé.
– Aago 4 ìdájí sí 6:30 ni mo ń kọ̀wé.
– Dádì wọn ló ni àárọ̀ Saturday. Mi ò bẹ̀ ẹ́, a jọ bí wọn ni.
– Aago 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, fóònù wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

13/ Mi ò ní parọ́ fún yín: ẹnì kan gbọ́ pé mo lọ́mọ, kò fèsì mọ́. Owó tó ń wọlé ò tíì tó ti tẹ́lẹ̀.

14/ Lánàá mo tún bi ẹ̀gbọ́n pé, "Iṣẹ́ wo ni mọ́mì ń ṣe?" Ó ní, "Ẹ ń tẹ fóònù." Ó ronú díẹ̀. "Àmọ́ ẹ ti ń gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù."

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé tọ́mọ wà lẹ́yìn yín, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ bá mi sọ ọ́.