Ẹ̀rí Tí Ìdánwò Kò Lè Jẹ́

Bí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà bá gba first class, àdúgbò á gbọ́, láti Pópó Yemọja dé Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn. Wọ́n á pe ẹbí, wọ́n á gbé àga síta. Ṣùgbọ́n bí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbégbá orókè nínú ìdíje ẹnjiníà, ìlà kan péré ló máa ń jẹ́ lórí ìwé tó fi ń wáṣẹ́. Èyí kò tọ́ lójú tèmi. Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ka iṣẹ́ ìdíje mọ́ máàkì akẹ́kọ̀ọ́, torí ó ń jẹ́rìí ohun tí ìdánwò orí ìwé kò lè rí.

Ẹ wo Shell Eco-marathon, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ọkọ̀ tí yóò fi epo díẹ̀ rìn jìnnà. Yunifásítì Èkó àti ti Benin gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní Rotterdam lọ́dún 2014. Kí ọkọ̀ kankan tó bọ́ sójú ọ̀nà ìdíje, wọ́n á gbé e sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ga ní ìdá 20 nínú 100, awakọ̀ á wà nínú rẹ̀. Bí bíréèkì kò bá dì í mú, kò ní sáré. Awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹni tó gba A nínú ìṣirò bíréèkì lè máà tíì fún nọ́ọ̀tì kan rí láyé ẹ̀. Níbí, nọ́ọ̀tì tí ẹnì kan kò fún le á da iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ nù. Àwọn awakọ̀ takisí Máíkírà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó n'Ìbàdàn lójoojúmọ́ mọ ohun tí bíréèkì jẹ́.

Àwọn kan á ní ìdíje ń jẹ àkókò kíláàsì. Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ oṣù mẹ́fà ni SIWES, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́, náà ń gbà, a kò sì pè é ní àdánù. Àtakò tó le ni pé nínú ẹgbẹ́, ọ̀lẹ a máa sá sẹ́yìn akíkanjú, kí wọ́n sì jọ gba ipò kan náà. N kò lè já a nírọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oníkálukú ní ìwé logbook tirẹ̀, bíi ti SIWES: kó kọ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe síbẹ̀, kí olùkọ́ fọwọ́ sí i, kó sì bi í léèrè lójú ọkọ̀ náà gan-an. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé ibi tó ní òun jó irin pọ̀, kó má gba máàkì ibẹ̀.

Owó ńkọ́? Kò pọn dandan ká wọkọ̀ òfurufú; ìṣòro epo wà nílé níbí. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ni owó epo ti ń ni awakọ̀ lára. Kí Yunifásítì Ìbàdàn àti Pólì Ìbàdàn gbé ìdíje kalẹ̀ nílé: ẹgbẹ́ wo ló lè mú Máíkírà àlòkù rìn jù lórí lítà epo kan, láti Ọjà'ba gba Pópó Yemọja? Kí àwọn awakọ̀ fúnra wọn wọn epo náà.