Ọjọ́ Mẹ́ta ní Mínná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa wí, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn: oko baba ẹlòmíràn tí ó wà lókè òkun ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ èyí tí ó wà ní òdìkejì odò Ọya. Bí a bá dárúkọ ìrìn-àjò afẹ́ létí wọn, Lọ́ńdọ̀nù, Párísì àti Róòmù ni ọkàn wọn ń lọ. Wọn a ka àwọn ààfin tí wọ́n wò lọ́sàn-án, wọn a sì ka àwọn ilé ọtí tí wọ́n jókòó sí lálẹ́.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan tí ó fi Ọ̀yọ́ ṣe ibùgbé. Ó ti kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà èwe rẹ̀, bí ó bá sì ń ròyìn ìlú náà, kì í pẹ́ lórí ààfin ọba wọn kí ó tó bọ́ sórí ilé ọtí tí ó wà ní ìkóríta. A máa ṣàlàyé pé orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìgékúrú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ilé gbogbo ènìyàn, nítorí pé alágbàṣe àti amòfin lè jókòó ti ara wọn níbẹ̀ títí ọlọ́tí yóò fi lu agogo pé ilẹ̀ ti ṣú. Lójú tirẹ̀, ìlú tí kò bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò tíì di ìlú.

Olùkọ́ yìí ní àbúrò kan, ọmọ baba rẹ̀, tí ó ń ta aṣọ ní Mínná, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger. Kìrìsìtẹ́nì ni ẹ̀gbọ́n, Mùsùlùmí ni àbúrò, èyí kò sì da nǹkan kan rú láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé, fún ọdún méjìlélógún tí àbúrò ti wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà rí. Àwáwí rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ènìyàn lè wò ní Mínná, àti pé láti ọdún 2000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti gba òfin Ṣàríà wọlé, ọtí ti di ohun tí à ń fi ojú burúkú wò níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ilé borí, ó sì gbà láti lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nígbà ìsinmi.

Ọ̀nà Ìlọrin ni ó gbà. Ó kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, ó kọjá Mọ́kwà, ó sì dé Bídà, ìlú àwọn Tápà, níbi tí àbúrò ti wá pàdé rẹ̀. Tápà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, nítorí ìtàn wa sọ pé ọmọ Tápà ni ìyá Ṣàngó. Wọ́n wo àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Masaga ni ẹsẹ̀ olùkọ́ ti dúró. Iṣẹ́ wọn ni láti fi iná ẹwìrì yọ́ dígí, kí wọ́n sì fi irin yí i di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìgò tí àwọn ènìyàn ti jù nù ni wọ́n ń yọ́, ìgò bíà sì wà lára rẹ̀. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí ìgò bíà kí ẹ tó dé Mínná.”

Ojú irin ni ó sọ Mínná di ìlú ńlá. Ní 1907 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà irin tí ó ti Bárò, létí odò Ọya, lọ sí Kánò. Ní 1911 ni ó parí. Ní Mínná ni ọ̀nà irin tí ó ti Èkó wá ti pàdé rẹ̀. Báyìí ni rélùwéè ṣe kó Yorùbá, Haúsá, Tápà àti Ìgbò wá bá àwọn Gbàgyí tí wọ́n ni ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní 1976, Mínná ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú. Wọ́n ní inú èdè Gbàgyí ni orúkọ náà ti wá, pé ó jẹ mọ́ iná títàn ká, nítorí àwọn baba ńlá wọn a máa pa gbogbo iná ilé bí ọdún bá ń parí, kí wọ́n tó tan òmíràn fún ọdún tuntun. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bí Cyprian Ekwensi ní 1921, ẹni tí ó kọ Jagua Nana, ìwé tí ó gbé ilé ijó àti fàájì alẹ́ Èkó jáde ní 1961. Olùkọ́ ti fi ìwé náà kọ́ni fún ọdún púpọ̀. Kò mọ̀ pé Mínná ni wọ́n bí ẹni tí ó kọ ọ́ sí.

Ní ọjà, ó rí àwọn obìnrin Gbàgyí tí wọ́n ru igi ìdáná lé èjìká. Àbúrò sọ fún un pé lójú tiwọn, orí ni ọba ara, a kì í sì í di ẹrù lé ọba. Olùkọ́ ronú sí i. Yorùbá ń bọ orí, ó ń kì í, síbẹ̀ òun náà ni ó ń gbé agbọ̀n lé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó bi àbúrò rẹ̀ pé, “Níbo ni ènìyàn ti ń rí ohun tútù mu ní ìlú yín?”

Àbúrò dáhùn pé, “Bí ó bá jẹ́ bíà ni, ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ibi tí ẹ ti lè rí i. N óò wà yín dé ibẹ̀, n óò sì jókòó sínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi mu ún tán.”

Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó wọ olùkọ́ lára. Ilé gbogbo ènìyàn tí ó ti ń yìn láti ọjọ́ yìí wá, ọmọ baba rẹ̀ kò ní lè bá a wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ó di ọjọ́ mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gba ọ̀nà Suleja lọ wo omi Gúrárà, tí ó ń já láti orí àpáta tí gíga rẹ̀ tó 30 mítà. Wọ́n dé Suleja, ìlú tí à ń pè ní Abuja kí wọ́n tó fi orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun. Níbẹ̀ ni Michael Cardew ti dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959, níbẹ̀ sì ni Ladi Kwali, obìnrin Gbàgyí tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti ṣiṣẹ́. Ó kú ní 1984. Wọ́n rí àpáta Zuma pẹ̀lú. Àbúrò mú owó jáde nínú àpò: àwòrán Ladi Kwali wà lẹ́yìn ogún náírà, ti Zuma wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà tí ó jáde ní 1999. Ohun tí olùkọ́ ní kò sí ní Mínná àti agbègbè rẹ̀ ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, olùkọ́ sọ pé, “Mú mi lọ síbi tí ìwọ gan-an máa ń jókòó sí.” Orí bẹ́ǹṣì onítíì ni ó mú un lọ, lábẹ́ igi. Awakọ̀ Tápà kan wà níbẹ̀, Ìgbò kan tí ń ta ohun èlò ọkọ̀, àgbẹ̀ Gbàgyí kan àti aránṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni kan ń mu tíì, ẹni kan mú kúnù dání, ẹni kan ń mu fúrà nínú igbá. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Wọ́n sún fún àlejò, ó sì jókòó.

Nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àbúrò tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí ìyá àwọn ọmọ kú dé ọwọ́ mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo ń wò lójú ọ̀nà.”

Olùkọ́ kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, “Níbo ni ẹ sin ín sí?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó mú, àwọn méjèèjì jọ lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Àbúrò ṣe àdúrà, ẹ̀gbọ́n dúró tì í láìdé fìlà.

Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn lọ wo Párísì bí apá rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ohun tí òun fẹ́ràn láti máa mu wọn ìlú wò, díẹ̀ ni yóò rí níbẹ̀. Ìṣe ilé kan, èèwọ̀ ilé ibòmíràn; àlejò tí ó bá gba èyí láyè yóò mọ ìlú, yóò sì mọ àwọn tirẹ̀ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Mínná, ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kánò. Ìsinmi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ kí wọn nígbà tí ara le, kí ó má jẹ́ pé owó nìkan ni wọn yóò máa rí gbà lọ́wọ́ wa.