Ikú Tí A Pè Ní Ẹ̀bùn

Ní ọdún 1977, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú J. R. R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford nígbà ayé rẹ̀, ni ọmọ rẹ̀ Christopher tẹ ìwé The Silmarillion jáde. Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ó ṣíwájú ìwé náà, ìwáṣẹ̀ ayé kan tí ó jẹ́ pé orí òǹkọ̀wé ni ó ti jáde.

Orin ni a fi dá ayé ọ̀hún. Ilúvatar kó àwọn ẹ̀mí tí ó kọ́kọ́ dá jọ, ó ní kí wọ́n kọrin. Melkor, tí ẹ̀bùn rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, kò fẹ́ gbe orin tí a dá fún wọn; ó dá tirẹ̀, orin sì dàrú. Ilúvatar kò pa á lẹ́nu mọ́. Orin kẹta ni ó gbé dìde, ó sì hun ariwo Melkor mọ́ ọn. Inú orin kẹta yìí ni oríṣi ọmọ méjì ti wá. Àwọn Àkọ́bí, tí òǹkọ̀wé ń pè ní Elf, kì í darúgbó. Bí ọgbẹ́ tàbí ìbànújẹ́ tilẹ̀ pa ara wọn, inú ayé ni ẹ̀mí wọn yóò wà títí ayé yóò fi dópin. Ènìyàn ni àbúrò. Ènìyàn ń kú, ó sì ń jáde kúrò nínú ayé pátápátá. Ẹ̀bùn ni ìwé náà pe èyí. Melkor ni ó fi òjìji bò ó tí ènìyàn fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọdún tí mo kà á ni a sin àbúrò mi, ẹni ọdún 26. Ìyá wa ṣì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ lálẹ́. Ẹ̀bùn kẹ̀! Mo pa ìwé náà dé.

Ìtàn ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó mú mi tún un ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tolkien nígbà tí baba rẹ̀ kú, ó sì di ọmọ ọdún 12 kí ìyá rẹ̀ tó kú. Ó wà lójú ogun Somme ní 1916. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mẹ́ta ni ó ní, méjì kú lọ́dún náà. Ẹni tí kò mọ ikú kọ́ ni ó pè é ní ẹ̀bùn. Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé: àwọn Àkọ́bí, lójú tèmi, ni ọjà tú mọ́ lórí tí wọn kò sì nílé tí wọn yóò lọ.

Àwọn ará erékùṣù Númenor kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí wọn gùn, síbẹ̀ wọ́n ń jowú àwọn tí kì í kú. Wọ́n ń kọ́ ibojì ńláńlá, wọ́n ń fi oògùn pa òkú mọ́ kí ó má baà jẹrà. Nígbẹ̀yìn, ọba wọn ṣígun lọ gba àìkú, òkun sì gbé erékùṣù náà mì. Wèrè ni ọba náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá yé mi.

Kí òkun tó dé, ìránṣẹ́ ti wá bá wọn. Àwọn ará Númenor béèrè ìdí tí a fi ní kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọn kò rí. Àwọn ìránṣẹ́ jẹ́wọ́ pé àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ pàápàá kò mọ ohun tí Ilúvatar ní lọ́kàn fún ènìyàn. Nínú gbogbo ẹni tí ó wá bá wa kẹ́dùn, n kò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan.