Ìwòrì Méjì àti Àwọn Abúlé Tó Ń Dá

  Odù tí a ó yẹ̀ wò lónìí ni Ìwòrì Méjì.

Ọ̀pọ̀ yín ló ti gbọ́ ìtàn náà. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ọba. Nígbà tí baba ń ṣe ọdún, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Alárá dé, ó kí baba rẹ̀ ní kíkí awo. Ajerò dé, òun náà kí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ṣe títí ó fi kan Ọlọ́wọ̀, àbígbẹ̀yìn wọn. Ọlọ́wọ̀ dúró gbọin. Ó ní bí baba ṣe dé adé ni òun náà dé adé, kò sì yẹ kí adé wólẹ̀ fún adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó fi ayé sílẹ̀, ó gba ọ̀run lọ. Láti ọjọ́ náà ni ayé ti dàrú. Oyún kò wálẹ̀ mọ́, ẹni tó ń wá ọmọ kò rí, àìsàn kò sàn, oko kò mú nǹkan jáde.

Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún ènìyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń fà yọ nínú rẹ̀, pé ìgbéraga ọmọ ló ba ayé jẹ́. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, ibòmíràn ni ọkàn mi ń lọ bí mo bá dé ibẹ̀.

Ní abúlé wa ní agbègbè Lágelú, ọmọ mẹ́ta péré ni wọ́n gbé wá fún ẹsẹ̀ntayé lọ́dọ̀ mi ní ọdún tó kọjá. Òkú tí a sin ju ìlọ́po mẹ́ta wọn lọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ olúwo mi, àwa mẹ́sàn-án la jọ ń kọ́ Ifá lábẹ́ òrùlé kan, tí a jọ ń sùn sórí ẹní. Lónìí, bí a bá pé jọ ní ìtàdógún, èmi ni ọmọdé inú wa, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ẹni tí kò bá mọ bí àwọn abúlé wọ̀nyí ṣe kún tó tẹ́lẹ̀, kí ó rántí Àgbẹ̀kọ̀yà. Ọmọdé ni mí ní 1968 àti 1969 nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde lòdì sí owó orí. Láti Akànràn, níbi tí Táfà Adéoyè ti jẹ́ aṣáájú, àti láti àwọn abúlé mìíràn káàkiri ni wọ́n ti tú jáde, tí wọ́n wọ Ìbàdàn, tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí ìjọba sì gbọ́ tiwọn. Ọwọ́ ọ̀dọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fọn fèrè ogun lónìí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ la ó kọ́kọ́ wá.

Àwọn kan ń sọ pé ayé ló ń di inú àwọn obìnrin. Wọ́n ti wá bi mí bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìjọba ní 1990 fi hàn pé obìnrin kan ní Nàìjíríà ń bí ọmọ 6.0 ní ìpíndọ́gba. Ní 2018 ó ti di 5.3, ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ó sì jẹ́ 3.9. A kò tíì dé ibi tí Kòríà Gúúsù dé, níbi tí ó ti wálẹ̀ sí 0.72 ní 2023. A ṣì ń bímọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí kò sí lọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí abúlé wa fi jọ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò bímọ mọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ohun rere ni, a kò ní í bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti di kálámù mú kì í fẹ́ di ọkọ́ mú. Owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ ìlú ńlá pọ̀ sí i, igi kòkó sì ń gbó mọ́ baba lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé ará Australia kan, John Caldwell, tó ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá ní Ìbàdàn ní ìgbà náà, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó yé mi. Ó ní láyé àtijọ́, ọrọ̀ máa ń ti ọwọ́ ọmọ ṣàn lọ sọ́dọ̀ òbí. Nígbà tó bá yí padà, tó di pé òbí ló ń náwó lé ọmọ lórí, iye ọmọ tí ènìyàn ń bí yóò dín kù.

Mo rí i nínú ilé tèmi. Ọmọ mọ́kànlá ni baba mi bí, gbogbo wa la sì mọ ebè kíkọ. Mẹ́rin ni èmi bí, mo ta ilẹ̀ kí wọ́n lè kàwé. Ọ̀kan wà ní Kánádà, méjì ní Èkó, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn di ẹrù sínú mọ́tò, tí mo sì ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ wọn. N kò lè wá padà sọ pé wọ́n ṣẹ̀ mí.

Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ rẹ̀ mẹ́fà wà láàyè, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́. Mo rò pé àìsàn ni yóò bèèrè. Ó gbé owó sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ síta: “Baba Awo, ẹ bá mi bi Ifá, ta ni yóò máa bá mi pọn omi?” Ní UCH ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó ti wà láti 2012. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ìyá yìí dé ibẹ̀? Owó ń dé, ọwọ́ kò dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Ní bí ọdún méje sẹ́yìn, ìyá àgbà kan láti apá Ẹgbẹ́dá mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá kí ó kọ́ Ifá. Ọmọ náà ní etí, ó ní ọpọlọ. Ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ìbàdàn, ó sì bẹ̀ mí pé òpin ọ̀sẹ̀ ni òun yóò máa wá, pé kí n jẹ́ kí òun máa gba ẹsẹ Ifá sínú fóònù. Mo fa ojú ro. Mo ní ọdún mẹ́wàá ni mo fi sin olúwo mi, mo ro oko rẹ̀, mo pọn omi rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ Ifá, kí ó kó ẹrù rẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ, kò padà wá. Wọ́n ní ó ń gun ọ̀kadà ní Èkó báyìí.

Ọjọ́ tí mo tún dé orí Ìwòrì Méjì ni ọ̀rọ̀ náà là sí mi. Èmi náà dé adé, n kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n gbọ́ ohun tí ọmọdé ń sọ. Mo wá wo òpin ìtàn náà dáadáa. Nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà, kò padà. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, ẹni tí wọ́n ó máa bi nìyẹn. Ẹ kíyè sí i: kò ní kí wọ́n wá máa bá òun gbé kí wọ́n tó lè mọ̀. Ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé dé ìlú kálukú ni ó fún wọn.

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, mo ti ń kọ́ ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní Èkó lórí WhatsApp ní gbogbo ìtàdógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan sì ń ti Mọ́níyà wá ní Sátidé. Kò rí bí ti àtijọ́. Ewé kì í gba inú fóònù kọjá. Ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ bá mi wọ igbó, ẹsẹ̀ mi kò sì yá mọ́. Nǹkan kan yóò sọnù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù sàn ju òfo lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá wálé, ẹ má kàn fún wa lówó kí ẹ yí mọ́tò padà. Ẹ jókòó, ẹ bi wá ní ìbéèrè. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi wá, kí a má fa ojú ro.

Bí a bá ń wúre pé kí Ifá fún wa ní ire ọmọ, kí a máa fi kún un pé kí a rí ọmọ náà, kí òun náà sì rí wa. Ifá á gbà á. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.