Gbígbọ́ Ohùn Olúwa Nínú Ìwé Ìhìnrere

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò fún iṣẹ́ etí àti fún ìwà ọmọ rere. Bí a bá wí pé ọmọ kan kò gbọ́ràn, kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ọ̀rọ̀ wọ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa tí a kọ ìwé yìí fi ń na àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn, tí a kò sì mọ̀ pé àwa fúnra wa wà láàrin wọn.

Ojoojúmọ́ ni à ń ka Ìwé Ìhìnrere nígbà náà, nítorí iṣẹ́ wa ni. A ó jókòó ti fìtílà ní alẹ́, a ó wá ìbéèrè tí a ó bi àwọn ọmọ, a ó kọ ẹ̀kọ́ ọ̀la sílẹ̀, a ó sì pa ìwé dé. A mọ orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjèèjìlá lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní ohun tí Olúwa wí fún Pétérù, tàbí fún àwọn Farisí, a ó dáhùn láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi wá ní ohun tí Ó wí fún àwa, a kò ní èsì.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì wa nígbà náà tí ó máa ń pẹ́ dé. A nà án, kò sunkún. A mú un kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣàwáwí. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ yìí ni a pè ní oríkunkun. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, a lé e lọ sílé, a ní kí ó má ṣe padà bí kò bá mú òbí rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ Ajé kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò wá. Ọkàn wa sì balẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ tí ó kù ni ó ń tètè dé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, orí keje ìwé Lúùkù ni ẹ̀kọ́ wa kàn. Símónì Farisí pe Olúwa wá jẹun. Obìnrin kan wọlé, ó sì ń fi omijé rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ Olúwa. Símónì ti dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà náà ni Olúwa yíjú sí obìnrin náà, Ó sì bi Símónì léèrè bí ó bá rí i. A ti kọjá lórí ìbéèrè yìí nígbà púpọ̀, nítorí ta ni kì yóò rí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ní alẹ́ yìí, kálàmù dúró lọ́wọ́ wa. Símónì mọ irú ẹni tí à ń pe obìnrin náà. Òun tìkára rẹ̀ ni kò rí. Kò sí ohùn kankan tí ó ti òkè wá, iná fìtílà kò sì mì. Ojú ọmọ náà ni ó wá síwájú wa. A mọ iye ọjọ́ tí ó pẹ́, nítorí a kọ ọ́ sínú ìwé. A kò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. A gbàdúrà, àdúrà náà kò sì ju gbólóhùn kan lọ: Olúwa, a kò rí i.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a jáde ilé-ẹ̀kọ́, a bèèrè ọ̀nà ilé wọn. Ìyá àgbà kan ni a bá lórí ẹní, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ọmọ yìí nìkan ni ó ń pọnmi fún un, tí ó ń dáná, tí ó sì ń wẹ̀ ẹ́ kí ó tó wá sọ́dọ̀ wa ní òwúrọ̀. Ìyá náà gbọ́ ohùn wa, ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i. Òun ni ojú tí mo fi ń ríran." Àwa tí ojú wa là, a kò rí ọ̀rọ̀ sọ, a dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ Ẹtì, a bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ó nira fún wa gidigidi, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé a gbọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ ìwé kíkà lọ́tun. Guigo, ọkùnrin Ọlọ́run kan ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, kọ́ni pé àkàbà onípele mẹ́rin ni: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti ìsinmi ọkàn níwájú Ọlọ́run. Ó fi í wé oúnjẹ: kíkà a máa gbé òkèlè sí ẹnu, àṣàrò a sì máa rún un. Àwa, gbígbé mì ni à ń gbé e mì láti ọjọ́ yìí! Àwọn baba wa mọ nǹkan yìí pẹ̀lú, nítorí wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Nítorí náà, ẹsẹ díẹ̀ ni à ń kà nísinsìnyí, kí a tó ronú ẹ̀kọ́ tí a ó kọ́ ẹlòmíràn. A ó kà á lẹ́ẹ̀kan, a ó dákẹ́. A ó tún un kà. A ó wá bèèrè ibi tí àwa wà nínú ìtàn náà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gún wa, òun ni a ó fi gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo ohùn inú kọ́ ni ohùn Olúwa. Bí ohùn náà bá ń yìn wá, tí ó sì ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Símónì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní ìdí tábìlì rẹ̀. Èyí tí ó bá rán wa lọ sí ilé ẹni tí a ṣẹ̀ ni kí á tètè tẹ̀lé.

Ní oṣù kìíní 1844, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, láàrin àwọn ènìyàn wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nínú ìwé Lúùkù kan náà ni ó ti mú ọ̀rọ̀ ìwàásù rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùgbọ́ gbọ́ ọ ní èdè ìyá wọn, wọ́n dáhùn pé, "Kí ó ṣẹ." Ìdáhùn yìí ni à ń fi parí ìwé kíkà wa lójoojúmọ́. Kì í ṣe lórí ìwé nìkan ni a fẹ́ kí ó ti ṣẹ, bí kò ṣe ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀ wa pẹ̀lú.